Méje Péré

Jikke, ọmọ ọmọ mi,
o ní kí n kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí o tó dé.
Ó dáa. Gègé rèé lọ́wọ́ mi.
Knol, ehoro tí o fi sí ìkáwọ́ mi,
kò sáré wá nígbà tí mo ṣí fìríìjì lálẹ́ àná.

Ìyẹn nìkan ni. N ò rí ẹ̀jẹ̀, n ò gbọ́ igbe.
Bí ara bá ń ro ajá, a hu; ológbò a ké;
ehoro kì í ké.
Inú igbó ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti kọ́ ọ
pé ẹni tó bá kérora ni àwòdì ń gbé.
Ó ń fi ìrora pamọ́
bí ọkùnrin tó ń fi gbèsè pamọ́ fún aya.

Mo na ewé pásílì sí i nímú. Ó yíjú.
Ó ká jọ bí búrẹ́dì tí kò wú,
ojú rẹ̀ pa dé díẹ̀,
ó ń payín keke, keke.
Mo fọwọ́ kan etí rẹ̀:
ó tutù bí irin afárá ní oṣù Ṣẹẹrẹ,
èmi tí mo fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ṣí afárá fún ọkọ̀ ojú omi ní Franeker,
mo mọ bí irin ṣe ń tutù.

Mo wo abẹ́ koríko rẹ̀.
Ìgbẹ́ tó máa ń dà sílẹ̀ bí ẹ̀wà tí àpò rẹ̀ ya,
méje péré ni, wọ́n kéré, wọ́n gbẹ.
Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

N kò sọ èyí fún ọ rí:
nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo ní ehoro kan.
Òun náà kọ oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́ kan.
Bàbá mi ní, "Fi í sílẹ̀, ilẹ̀ á mọ́."
Ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́.
Ó mọ́ bá ihò tí a gbẹ́ sábẹ́ igi ápù.

Ìfura loògùn àgbà. Mo fura.
Mo fi tówẹ́lì wé ìgò omi gbígbóná, mo gbé e tì í,
mo pe Dókítà Hinke. Aago mẹ́wàá ti kọjá.
Ó bi mí, "Ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn?"
Ojú tì mí. Mo ní, "Ọ̀sán. Bóyá."
Ó ní, "Má dúró de ọ̀la, máa bọ̀.
Má sì ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí n ó fi tẹ ikùn rẹ̀ wò."

Ojú mi kò gba ọkọ̀ wíwà lóru mọ́.
Mo lọ kan ilẹ̀kùn Oene,
Oene tí a kò kí ara wa láti ọdún kẹta
nítorí ọ̀rọ̀ ọgbà.
Ó wo àpótí ọwọ́ mi, ó mú kọ́kọ́rọ́.

Dókítà ní ìfun ehoro, ọlọ ni,
kò gbọdọ̀ dúró;
bó bá dúró, wákàtí là ń kà, a kì í ka ọjọ́.
Ó ya àwòrán inú rẹ̀: afẹ́fẹ́ kún un, kò sí ohun tó dí i.
Ó gún un lábẹ́rẹ́ ìrora, ó fa omi sí i lábẹ́ awọ.
Ó wá fún mi ní síríńjì àti ògì koríko,
wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta.
Ìdajì rẹ̀ wà lára súwẹ́tà tí o hun fún mi. Má bínú.

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, ó yà á.
Ẹyọ kan. Kò tilẹ̀ rí róbótó.
Mo pe Oene. Kò tíì sùn.
Ó ní, "Mélòó?"
Mo ní, "Ọ̀kan."
A dákẹ́ sórí fóònù, àgbàlagbà méjì,
à ń yọ̀ nítorí ìgbẹ́.

N kò lè ṣèlérí fún ọ o, Jikke.
Dókítà ní kí n mú un padà wá ní ọ̀sán.
Àmọ́ ó jẹ ewé pásílì kan láàárọ̀ yìí, ó ṣẹ́ ìdajì kù.
Mo fi ìdajì náà sínú àpò ìwé yìí.
Wo etí rẹ̀ dáadáa:
ojú eyín rẹ̀ nìyẹn.